Lẹ́tà Tí Kò Kúrò Nílé

Ní ìgbà èwe wa ní Manigri, bí bàbá kan bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ní òpin àdúgbò, ọmọdé ni ó máa ń rán. Ọmọ náà yóò sáré lọ, yóò kí àgbà bí ó ti yẹ, yóò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, yóò sì padà wá sọ èsì. Bí kò bá bá onílé, kò gbọdọ̀ dákẹ́, dandan ni kí ó padà wá wí pé: « Bàbá, n kò bá wọn nílé. » Ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kò jẹ́ ẹ, tí kò sì padà wá sọ pé òun kò jẹ́ ẹ, òun ni àwọn àgbà máa ń bá wí jù. A ti lé ní ogójì ọdún báyìí, iṣẹ́ olùkọ́ ni a sì ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. A rò pé a ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tán, títí kọ̀ǹpútà kan fi tún un kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà.

Kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Wọ́n ti lò ó ní ọ́fíìsì kan kí ẹnìkan tó fi ta wá lọ́rẹ. Linux ni a fi sínú rẹ̀, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Finland, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò láìsan fàráǹkì kan. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú yàrá náà. Ṣùgbọ́n a fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn yóò jókòó, yóò ka lẹ́tà tí ó bá nínú àpótí rẹ̀, yóò kọ tirẹ̀, yóò sì dìde fún ẹlòmíràn. Postfix ni akólẹ́tà wa, ètò tí Wietse Venema gbé jáde ní ọdún 1998.

Àwọn kan bi wá pé, kí ni ìwúlò lẹ́tà kọ̀ǹpútà níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì? Ìbéèrè náà dára, ìtàn sì ni ìdáhùn rẹ̀. Ní ọdún 1965, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Tom Van Vleck àti Noel Morris kọ ètò kan fún àwọn ènìyàn tí ń pín kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo lò. Ẹnìkan yóò fi lẹ́tà sílẹ̀ fún ẹnìkejì nínú ẹ̀rọ náà. Bí ìyẹn bá wọlé, yóò rí i. Ìgbà tí ó di ọdún 1971 ni Ray Tomlinson tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, tí ó sì yan àmì @ láti ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ilé rẹ̀. Nínú ilé ni lẹ́tà náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó mọ ọ̀nà àjò. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe, ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an ni.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, a fẹ́ ṣe ohun tí ó dùn mọ́ gbogbo wa. Kọ̀ǹpútà náà ṣì ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n fún un ní ọ́fíìsì tí ó ti wá: « bureau3 ». A ní ọmọ tí ó ti wọ ilé wa kò yẹ kí ó máa jẹ́ orúkọ ilé àtijọ́. A yí i padà sí « manigri ». A yí i nínú fáìlì orúkọ ẹ̀rọ, a sì yí i nínú /etc/mailname, èyí tí akólẹ́tà máa ń wò láti mọ orúkọ tí yóò so mọ́ orúkọ ẹni tí a kọ̀wé sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́, inú àwa náà sì dùn bí ẹni tí ó ṣe ìkómọ.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí ó rí lẹ́tà gbà mọ́. A kò tètè mọ̀. Àkókò ìkórè kajú ni, ọ̀pọ̀ ọmọ wà lóko pẹ̀lú àwọn òbí wọn, àpótí tí ó ṣófo kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ ni ọmọkùnrin kan tó wí fún wa pé: « Monsieur, ọ̀rẹ́ mi ní òun kọ̀wé sí mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, n kò rí ọ̀kan. » A dá a lóhùn pé kí ó lọ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá ó kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. A jẹ̀bi níbẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí kíláàsì tú, a jókòó tì í. A kọ lẹ́tà kékeré kan sí ara wa, kò dé. A bèèrè bóyá akólẹ́tà ń ṣiṣẹ́. Àṣẹ « postfix status » dá wa lóhùn pé ó ń ṣiṣẹ́. A wò ó bóyá àyè ti tán lórí díìsìkì. « df -h » fi hàn pé àyè pọ̀. A wo inú /var/mail, níbi tí àpótí olúkúlùkù wà. Àwọn àpótí náà wà ní ipò wọn, olówó wọn ni ó sì ni wọ́n. Nígbà náà ni a tẹ « mailq », àṣẹ tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ tẹ̀. Ohun tí a rí mú wa dákẹ́: gbogbo lẹ́tà ọ̀sẹ̀ náà tò lẹ́sẹẹsẹ, kò sí èyí tí ó sọnù, kò sì sí èyí tí ó dé.

Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìdí rẹ̀ wà, ìdí kan náà sì ni a tún bá nínú /var/log/mail.log. Bí a bá fi èdè wa sọ ọ́, ohun tí akólẹ́tà ń wí ni pé: « N kò rí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ilé tí ń jẹ́ manigri. N ó tún gbìyànjú. » Inú ilé náà ni ó sì jókòó sí tí ó ń bèèrè ọ̀nà rẹ̀!

A tẹ « postconf mydestination », ọ̀rọ̀ sì yé wa. Ìlà yìí ni akólẹ́tà fi ń mọ àwọn orúkọ tí í ṣe tirẹ̀. Bí orúkọ tí ó wà lẹ́yìn @ bá wà nínú ìlà náà, akólẹ́tà mọ̀ pé ará ilé ni, yóò sì fi lẹ́tà náà sínú àpótí lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, àjèjì ni lójú rẹ̀, yóò jáde lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́ni sọ́nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. « bureau3 » ni ó ṣì wà nínú ìlà tiwa. A ti sọ ọmọ lórúkọ, a kò sì kéde orúkọ náà fún ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nítorí pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí ẹni bi. Nítorí pé kò rí ẹni bi, ó ń tún un gbìyànjú, ní ìṣẹ́jú márùn-ún síra ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní bí wákàtí kan síra. Ọjọ́ 5 péré ni a sì ti là sílẹ̀ fún un. Bí ọjọ́ 5 bá pé, yóò dáwọ́ dúró, yóò sì fẹ́ dá lẹ́tà padà fún ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí òun náà jẹ́ ará ilé tí akólẹ́tà kò mọ̀. Ọjọ́ kẹrin ni a wà yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì. A fi « manigri » àti « localhost » sínú ìlà náà, a tẹ « postfix reload » kí ó lè ka àtúnṣe náà, a sì tẹ « postqueue -f » kí gbogbo ohun tí ó tò lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a tún tẹ « mailq », ìlà ti ṣófo.

A kò ṣí lẹ́tà ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé kò ní àṣẹ láti tú ẹrù àwọn ayálégbé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà nínú àpótí tiwa, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì troisième ni ó kọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ó kọ ọ́ ní èdè wa, láìfi àmì ohùn kan sí i. Ó ní àbúrò bàbá òun obìnrin ń bọ̀ wá mú òun lọ sí Cotonou láti bá a mójú tó ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Àìkú ni àwọn yóò wọ ọkọ̀ tí ń gba Bantè àti Savalou lọ. Ó ní òun kò kọ̀ láti ran ẹbí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC kí òun tó lọ. Ó parí rẹ̀ báyìí: « Monsieur, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ. »

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu kò lè gbé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pàrokò. Ẹni tí ó di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Bí mẹ́jọ bá padà dé, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Ọmọ tí kò lè kojú bàbá rẹ̀, tí kò sì lè dúró níwájú olùkọ́ kí ó sọ ọ́, àrokò ni ó dì sínú ẹ̀rọ yẹn. Fún ọjọ́ mẹ́rin ni ó sì ń rí wa ní kíláàsì, tí a ń kí i, tí a ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kò wí nǹkan kan. Kí ni yóò ti rò? Yóò ti rò pé a ti kà á, a sì dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, a mú bàbá àgbà kan ládùúgbò lẹ́yìn, nítorí a kì í dá nìkan wọ agbo ilé ẹni lọ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. A kò dárúkọ lẹ́tà kankan. A ní ìdánwò kù oṣù mẹ́ta, a sì ń yí ká láti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Irọ́ kọ́, ọjọ́ kejì gan-an ni a bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká ní tòótọ́. Bàbá ọmọ náà gbọ́ wa tán, ó ní: « Olùkọ́, ta ni ó sọ fún mi pé ìdánwò wà ní ọdún yìí? » A dá wọn lóhùn pé a ti fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo òbí láti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì mú ìwé náà jáde. Àárín àwọn ìwé kajú wọn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ó mọ́ tónítóní. « Mo fi pamọ́, » ni wọ́n wí. « Mo rí òǹtẹ̀ lórí rẹ̀, mo mọ̀ pé ìwé pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ó wí. »

Èdè Faransé ni a fi kọ ọ́. Àwa ni a kọ ọ́. Orúkọ wa ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

A ti ń rẹ́rìn-ín kọ̀ǹpútà tí ó jókòó sí Manigri tí ó ń bi ará òde ní ọ̀nà Manigri. Àwa nìyí, ọmọ tí a bí sí ibí yìí, tí a fẹ́ bá bàbá kan sọ̀rọ̀ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, tí a sì rán ọ̀rọ̀ náà gba ìlú òkèèrè kọjá. Àwọn onímọ̀ èdè a máa ka èdè wa pọ̀ mọ́ ti Kambolé ní ilẹ̀ Togo. A gbọ́ ara wa yé kọjá ibodè. Ṣùgbọ́n ìwé tiwa kò lè la ọ̀nà ìlú kan ṣoṣo já. A kò sọ èyí láti bú èdè Faransé. Òun ni a fi jẹun, òun ni ọmọ náà yóò fi ṣe ìdánwò rẹ̀, ìwé ìròyìn yìí pàápàá ń fi èdè méjèèjì sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣe dáadáa. Ohun tí a ń wí ni pé ó yẹ kí ẹni tí ń rán iṣẹ́ mọ èyí tí í ṣe ti ilé àti èyí tí í ṣe ti òde.

Bàbá náà fọ̀rọ̀ lọ àbúrò wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí ọmọ dúró títí ìdánwò yóò fi parí, kí ẹbí tún jókòó lẹ́yìn náà. Ó dúró, ó sì ṣe ìdánwò náà. Ohun tí ó tẹ̀lé e, ti òun àti ti ilé rẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà, ojú méjì ni ìwé tí a ń kọ sí àwọn òbí ní: Faransé ní iwájú, èdè wa ní ẹ̀yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kà á sókè nílé, yóò sì padà wá sọ fún wa ohun tí wọ́n wí. Bí ó bá ní « Wọn kò sí nílé, » a mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì jẹ́, a ó sì tún rán an. Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ; ṣùgbọ́n ẹni tí ń rán iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó bèèrè bóyá ó dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọ́jú irú ẹ̀rọ yìí ní Bassila, ní Bantè tàbí níbikíbi, bí wọ́n bá sọ fún yín pé lẹ́tà kò dé, ẹ má kọ́kọ́ bá ẹni tí ó kọ ọ́ wí. Ẹ tẹ « mailq ». Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ẹnìkan ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin.