Àṣíborí Tí Kò Dán

Nígbà tí a wà ní ọmọdé, bàbá wa ní idà kan tí ó jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Ó dúdú, ìpáàrà sì ti mú etí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí bàbá lọ sí oko, a fẹ́ ṣe ohun tí yóò dùn mọ́ ọn: a fi iyanrìn àti eérú ha idà náà títí ó fi ń kọ mànà. Nígbà tí ó dé, kò nà wá. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí àmì àgbẹ̀dẹ wà tẹ́lẹ̀ rí, kò sì rí i mọ́. Kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀ràn yìí padà sí wa lọ́kàn ní 2014, nígbà tí a lọ kí àbúrò wa ní London, tí ó sì mú wa lọ sí ilé ìṣúra tí à ń pè ní Wallace Collection. Sir Richard Wallace ra púpọ̀ nínú ìhámọ́ra ibẹ̀ ní 1871 lọ́wọ́ Comte de Nieuwerkerke, ará Faransé. Opó rẹ̀ sì fi ìṣúra náà sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè ní 1897. Títí di ọjọ́ náà, inú ìtàn Sọ́ọ̀lù àti Dáfídì nìkan ni a ti mọ àṣíborí. A rí èyí tí iwájú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí imú ajá, kí ọ̀kọ̀ tí ó bá bà á lè yọ̀ kúrò. Nínú àṣíborí ìdíje orí ẹṣin, ọ̀pọ̀ ni ihò èémí wọn wà ní ọ̀tún nìkan, nítorí láti apá òsì ni ọ̀kọ̀ ti ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá wa dúró ni èyí: ọ̀pọ̀ irin àtijọ́ tí ń dán bí fàdákà lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀dẹ. Iná ni a fi sọ òmíràn di aláwọ̀ aró. Ọ̀dà dúdú ni a fi kun òmíràn. Àwọn olùtọ́jú ìgbà ẹ̀yìn ni wọ́n ha wọ́n títí àwọ̀ fi lọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, bí àwa náà ti ṣe.

Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n tí ń kó àṣíborí jọ kì í yára sí dídán. Kí ó tó sanwó, a máa yẹ inú rẹ̀ wò ju òde lọ. Àgbẹ̀dẹ àtijọ́ a máa jẹ́ kí iwájú nípọn ju ẹ̀yìn lọ, ojú òòlù a sì hàn nínú; ọ̀pọ̀ ayédèrú tí a ṣe láàrin 1800 sí 1900 a máa tẹ́ dọ́gba káàkiri.

Bashford Dean, onímọ̀ nípa ẹja, tí ó tún ń tọ́jú ìhámọ́ra ní Metropolitan Museum ní New York, ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà pè ní 1917 láti pète àṣíborí fún wọn. Iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀dẹ àtijọ́ ni ìwé tí ó kà. Bí gbogbo àmì bá ti parẹ́, kí ni ìbá kà?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ogún àtijọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ nu eruku rẹ̀, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù wà bẹ́ẹ̀. Idà bàbá wa ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ó ń dán. A kò sì lè mọ ẹni tí ó rọ ọ́ mọ́.