Mo Pe Ọmọ Ọlọ́mọ Ní Olè Nítorí Rédíò

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ àṣìṣe mi, bóyá yóò kọ́ ẹlòmíràn lọ́gbọ́n.

Ní ọdún 2016, mo ra bọ́ọ̀sì kékeré kan ní Ìbàdàn kí ìyàwó mi lè máa fi kó ọjà. Ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n sì ti yí ìdarí rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ariwo lásán ni rédíò rẹ̀ ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í fẹ́ pàdánù Amúlùúdùn, 99.1, láàárọ̀.

Mo gbé e lọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin rìwáyà kan ní àdúgbò wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tú u, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó. Ariwo náà kò dá. Inú bí mi. Lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo ti pariwo pé ó ti yọ ojúlówó ẹ̀yà inú rédíò mi tà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá, n kò mú nǹkan kan níbẹ̀.” Láti ọjọ́ náà, àwọn kan kò gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, olùkọ́ físíìsì ilé-ìwé wa bá mi wọ ọkọ̀ náà. Ó wo ojú rédíò, ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà wo ni ó parí sí?” Mo wò ó: láti 76 dé 90 ni.

Ó ní ojú ọ̀nà tí ohùn rédíò ń gbà dà bí ìsọ̀ ọjà. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ni ó ń pín in fún àwọn ará ilé rẹ̀. Àjọ ITU ní Geneva pín ayé sí ẹkùn mẹ́ta fún ètò yìí: Áfíríkà àti Yúróòpù wà ní ẹkùn kìíní, Amẹ́ríkà ní kejì, Jàpáànù ní kẹta. FM tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 87.5, ó dé 108. Ṣùgbọ́n ní Jàpáànù, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni ó gba 90 sí 108 títí di nǹkan bí ọdún 2011, nítorí náà FM wọn kò kọjá 90. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sún un dé 95. Kò sí bí 99.1 yóò ṣe wọ inú rédíò mi.

Ó ní kì í ṣe rédíò nìkan. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí a ń tẹ̀ láti òkèèrè sábà máa ń lo 315 ní Jàpáànù àti Amẹ́ríkà, 433 ní Yúróòpù. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tí ń ta ara wọn lólobó lójú títì kí wọ́n má baà kọlura, Jàpáànù fún wọn ní 760, Amẹ́ríkà fún tiwọn ní nǹkan bí 5,900. Bí irú ọkọ̀ méjèèjì bá pàdé, adití ni wọ́n sí ara wọn.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dájọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà, mo dúró títí àwọn oníbàárà fi pé, mo sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo wọn. Òun náà ni ó wá fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i, èyí tí ń fa ìgbì tiwa wálẹ̀ sí ibi tí rédíò náà lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó ra ohun tí ń gba ìgbì láti òkè òkun, ẹ bi wọ́n pé nọ́ńbà ilẹ̀ wo ni ó ń gbọ́. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.