Ọkọ̀ Tuntun Láti Kentucky: Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ìbàdàn

Houston, Texas,
Amẹ́ríkà.
Oṣù Karùn-ún, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

     

Ẹ ní kí n kọ bí mo ṣe ra ọkọ̀ tuntun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé èyí tí mo sọ lórí fóònù kò tó. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ta tòkunbọ̀ kí n tó mọ ọkọ̀ ọ́ wà rárá ni ìròyìn yìí tọ́ sí jù lọ.

Chevrolet Corvette ni ọkọ̀ náà, onílẹ̀kùn méjì, oníjòkòó méjì. Ilé-iṣẹ́ General Motors ló ń ṣe é. Ọdún 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde nílùú Flint, ní Michigan. Ẹyọ 300 péré ni wọ́n ṣe lọ́dún náà. Funfun ni gbogbo wọn, inú wọn sì pupa. Láti 1981 títí di òní, Bowling Green ní Kentucky ni wọ́n ti ń ṣe é. Irú èyí tí mo rà, tó dé pẹ̀lú ọdún 2020, yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀, torí pé ẹ̀yìn awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Zora Arkus-Duntov, tí wọ́n bí ní Belgium, ti ń rọ ilé-iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kúrò níwájú. Ó kú ní 1996 láìrí i. Ẹ́ńjìnnì náà tóbi tó lítà 6.2, ó ní sìlíńdà mẹ́jọ, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 490. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń kó owó jọ dè é láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti jáde yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí òwò tó wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ kì í tà á fún wa tààrà. Òfin Texas kò gbà wọ́n láyè. Ọ̀dọ̀ dílà lèèyàn ń lọ. Dílà kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Oníṣòwò tó dá dúró ni, tó kàn gbàṣẹ láti máa ta ọjà wọn. Iye Corvette tó bá wu dílà kọ́ ló ń rí gbà. Ilé-iṣẹ́ ló ń pín in, iye tí oníkálùkù ti tà sẹ́yìn ni wọ́n sì fi ń pín in. Dílà tó ń tà púpọ̀ máa ń rí ìpín púpọ̀. Èyí tí kì í sábà tà á lè dúró pẹ́ kó tó rí ẹyọ kan. Bí dílà kò bá sì rí ìpín, ọ́dà èèyàn á kàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ilé-iṣẹ́ kò ní tẹ́wọ́ gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi gbogbo dílà tí mo yà lọ́dọ̀ wọn ní ìbéèrè méjì kí n tó mówó jáde: ìpín mélòó lẹ̀ ń rí gbà, èèyàn mélòó ló sì wà níwájú mi? Àwọn kan la ọ̀rọ̀ náà fún mi kedere. Àwọn mìíràn ní kí n ṣáà san àsansílẹ̀ ná. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan lára àwọn tó dáhùn ni mo dúró sí.

Nípa ti iye owó, ohun kan wà tó wú mi lórí gidigidi. Lára gíláàsì gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà, ìwé kan máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Òfin 1958 ló pàṣẹ rẹ̀. Sẹ́nẹ́tọ̀ Mike Monroney láti Oklahoma ló gbé òfin náà kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ìwé náà títí dòní. Ṣáájú ìgbà yẹn, iye tó bá wu dílà ló lè pè, kò sì sí ohun tí oníbàárà máa fi mọ iye tí ilé-iṣẹ́ dá lé ọkọ̀. Ní báyìí, ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ iye ọkọ̀ fúnra rẹ̀, iye àfikún kọ̀ọ̀kan tó wà lára rẹ̀, owó tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dílà, àti ibi tí wọ́n ti tò ó pọ̀. Èèwọ̀ ni fún ẹnikẹ́ni láti yọ ọ́ kí ọkọ̀ tó dọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Àmọ́ àbá ni iye tó wà níbẹ̀. Òfin kò dí dílà lọ́wọ́ láti gbé owó lé e. Nígbà tí irú Corvette yìí jáde, $59,995 ni iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fẹ́ ẹ pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ, àwọn dílà kan sì ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kún un. Èmi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dúró lórí ẹnu lásán. Mo ní kí máníjà dílà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye tó bá wà lára gíláàsì ni n ó san, pé orúkọ mi ló máa wà lórí ọ́dà, àti pé bí n kò bá rà á mọ́, àsansílẹ̀ mi á padà sọ́wọ́ mi. Ó kọ ọ́, ó bu ọwọ́ lù ú, mo sì mú ẹ̀dà tèmi lọ sílé.

Ìgbà yẹn la wá jókòó láti yan ohun tó máa wà lára ọkọ̀. Bí èèyàn ṣe ń dúró kí télọ̀ wọn òun dípò kó lọ ṣa aṣọ nínú òkìrìkà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Wọ́n á bi yín ní àwọ̀ ara rẹ̀, àwọ̀ inú rẹ̀, irú ìjókòó, irú rímù, títí dé àwọ̀ bẹ́líìtì. Mo mú funfun, pẹ̀lú inú pupa, nítorí àwọn 300 àkọ́kọ́ yẹn. Mo tún san owó fún ohun kan tí ẹ̀yin máa fẹ́ràn: bọ́tìnnì tó ń gbé imú ọkọ̀ sókè bí íńṣì kan àbọ̀ kó má baà kanlẹ̀. Ọkọ̀ náà lè rántí ibi 1,000 tẹ́ ẹ ti lò ó, tẹ́ ẹ bá sì tún débẹ̀, á gbé imú rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, nọ́ńbà lèèyàn fi ń tẹ̀ lé ọ́dà rẹ̀. 1100 ni tí dílà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. 2000 ni tí ilé-iṣẹ́ bá tẹ́wọ́ gbà á. 3000 ni tó bá wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́, 3300 ni tí wọ́n bá ti yan ìgbà tí wọ́n máa ṣe é. 3800 túmọ̀ sí pé wọ́n ti ṣe é tán, 5000 pé ó ti dé ọ̀dọ̀ dílà, 6000 sì ni òpin, pé olówó ti gbọ́kọ̀ rẹ̀. Ìdúró náà gùn, ṣùgbọ́n kò nira, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé ní gbogbo ìgbà. Tí mo bá pe dílà, nọ́ńbà ni mo ń béèrè, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń dá mi lóhùn.

Ẹni tó bá fẹ́ lè sanwó díẹ̀ sí i kó lọ gba ọkọ̀ rẹ̀ ní National Corvette Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní Bowling Green. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo ti parí gbogbo owó àti ìwé pẹ̀lú dílà kí n tó gbéra: owó orí ọkọ̀ ti Texas, tó jẹ́ 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún, àti inṣọ́ránsì, tó jẹ́ dandan. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, mo rí Corvette ọdún 1983 kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù láyé. Mo tún rí ibi tí ilẹ̀ ti là ní ìdájí ọjọ́ 12, oṣù Kejì, 2014, tó gbé ọkọ̀ mẹ́jọ mì. Ihò àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ àgbègbè yẹn. Kò sẹ́ni tó farapa, torí pé wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà ni Corvette tó pé mílíọ̀nù kan, èyí tí wọ́n ṣe ní 1992, funfun pẹ̀lú inú pupa bíi tàwọn àkọ́kọ́. Wọ́n ti tún un ṣe.

Mo wa ọkọ̀ mi gba Nashville, Memphis, Little Rock àti Texarkana padà sí Houston. N kò sáré, nítorí wọ́n ní kí ẹ́ńjìnnì rìn tó máìlì 500 kéèyàn tó fi ipá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi ń parí ọ̀rọ̀ mi. Kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ lẹ ìwé mọ́ gíláàsì ọkọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń tà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, máìlì tó ti rìn, bóyá ó ti ní jàǹbá rí, ohun tẹ́ ẹ tún ṣe lára rẹ̀, àti iye tẹ́ ẹ máa gbà. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà pẹ̀lú, èyí tó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti òǹkà 17, kí ẹni tó bá fẹ́ lè fi wádìí ìtàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó tó sanwó. Olóòótọ́ lẹ̀yin, gbogbo ẹni tó mọ̀ yín ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ yín rí náà mọ̀ ọ́n láti ara gíláàsì, kó tó bá yín sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, n ó bá yín tẹ ìwé náà, n ó sì fi ránṣẹ́.

Ó di ìgbà tí mo bá tún gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín.

Àbúrò yín tòótọ́,
ní Houston.