Ẹ Gbé Ìpàdé Náà Wá sí Kétu

Iṣẹ́ kíkọ ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn lè dá jókòó ṣe. Nínú yàrá mi ní Ìkòsí, ní agbègbè Kétu ní Èkó, mo lè bá oníbàárà tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́ parí láìfojú kan ara wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé mi fi máa ń béèrè ohun tó ń gbé mi jáde láàárọ̀ Sátidé, tí mo fi ń gbé kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká lọ sí Yábàá nígbà tí ẹlòmíràn ń sinmi. Ìpàdé àwa tí à ń kọ kóòdù ni mò ń lọ. Mo ti ń lọ tipẹ́, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, kí n sọ èyí tó ń dùn mí pẹ̀lú.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀: ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi wẹ́ẹ̀bù fún aráyé. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1989 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Ká ní wọ́n ti gbé owó lé e ni, ta ni ì bá rà á ní Kétu? Gbogbo àwa tí à ń jẹun lórí iṣẹ́ yìí, oore ẹni ẹlẹ́ni la fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó bá mọ nǹkan kan nínú rẹ̀ fi han ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Èkó níbí, ọdún 2011 ni Bọ́sún Tìjání àti Fẹ́mi Longe ṣí Co-Creation Hub, tí gbogbo èèyàn ń pè ní CcHub, ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá. Iná wà níbẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wà, àga wà. Àwọn ọ̀dọ́ rí ibi jókòó sí. Ní ọdún 2023, Tìjání di mínísítà tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ àti ọrọ̀ ajé orí ẹ̀rọ fún ìjọba àpapọ̀. Ada Nduka Oyom náà dá ẹgbẹ́ She Code Africa sílẹ̀ ní 2016 fún àwọn obìnrin tó ń kọ kóòdù. Nígbà tó di 2018, òun àti Samson Goddy dá Open Source Community Africa sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ kóòdù tó wà ní gbangba. Oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n ṣe àpéjọ ńlá wọn àkọ́kọ́ ní Èkó, kí kòrónà tó sé ìlú mọ́lé. DevFest Lagos náà wà, èyí tí GDG Lagos, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ kóòdù, máa ń ṣe, tí èrò máa ń wọ́ lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ sí ọdún.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àpéjọ ńlá wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké ni ọkàn mi fẹ́ jù. Ní ibi tí èrò bá ti pọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á jìnnà sí ọ, ìbéèrè rẹ á sì kú sí ọ ní ẹnu. Níbi tí àga kò bá pọ̀, o lè na ọwọ́, kí o sì gbọ́ èsì.

Ọ̀kan nínú irú ìpàdé kékeré bẹ́ẹ̀ ló yanjú ohun tó ti ń dà mí láàmú. Mò ń bá ilé-ìwé kan kọ ìkànnì tí àwọn òbí á ti máa wá orúkọ ọmọ wọn. Òbí á tẹ orúkọ bíi Ọláyẹmí bó ṣe yẹ, pẹ̀lú àmì rẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọmọ náà wà lójú ìwé gbangba. Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, mo sọ̀rọ̀ náà fún arábìnrin kan tó jókòó tì mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti kọjá ibẹ̀. Ó ní nínú Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ọ̀nà méjì ló wà láti kọ Ọ. O lè kọ ọ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, o sì lè kọ O kí o wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀ pátápátá. Tí a bá sì fi àmì ohùn sórí rẹ̀, bí Ọ́, kò tilẹ̀ sí lẹ́tà kan ṣoṣo fún un, títò ni à ń tò ó jọ. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní normalize hàn mí nínú JavaScript, èdè tí a fi ń kọ kóòdù ìkànnì; àṣẹ yìí ló máa ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wé ara wọn. Ó tún ní kí n lọ wo YorubaName, àkójọ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, nítorí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ lè ní ṣé kò sí èyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni? Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ orúkọ àìsàn, báwo ni yóò ṣe béèrè oògùn rẹ̀? Àwọn tó kún yàrá ọjọ́ náà, àmì wà lábẹ́ orúkọ púpọ̀ nínú wọn. Ìṣòro náà ti kàn wọ́n rí. Mo béèrè lọ́wọ́ arábìnrin yẹn ohun tí mo lè fún un. Ó ní kí n lọ fi han ẹlòmíràn. Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe àáró lóko nìyẹn: lónìí, oko tèmi, lọ́la, oko tìrẹ. Mo sì ti fi han ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Alápẹ́rẹ̀, òun náà ti fi ṣe iṣẹ́ gba owó.

Àǹfààní ìpàdé kì í parí síbi tí a bá ti túká. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bíi MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tí mo bá pàdé ní ìpàdé ni wọ́n ń fi ìpè sọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà. Ẹnì kan ní Ògùdù ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún wa, a jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí.

Ohun tó ń dùn mí wá rèé. Yábàá àti Erékùṣù Victoria ni gbogbo ìpàdé wọ̀nyí wà. Láti 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ń gbé èrò láti Mile 12, nítòsí Kétu, lọ sí CMS ní Erékùṣù Èkó, ó sì ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ti di ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rí àwọn tó dá wíwá dúró. Ọ̀kan wà tó ń tẹ ìwé fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mile 12, orí rẹ̀ pé, ó sì ń fi fóònù kọ́ HTML, èdè tí a fi ń to ojú ìwé ìkànnì. Ọmọbìnrin kan wà tó gbọ́dọ̀ bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ata ní Sátidé, torí ọjọ́ yẹn ni ọjà máa ń gbóná. Kò sí ohun tí ọmọ Yábàá fi mọ̀wé ju àwọn wọ̀nyí lọ.

Èmi tilẹ̀ gbà pé àwọn ló yẹ kó wà níbẹ̀ jù. Tòmátò, ata àti àlùbọ́sà ń ti Òkè Ọya wọ ọjà Mile 12 nínú ọkọ̀ ńlá, iye wọn sì lè yí padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tó dàgbà láàárín ọjà yẹn mọ̀ pé ìkànnì tí àwòrán rẹ̀ wúwo kò ní ṣí lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú ìyá aláta, dátà rẹ̀ á sì ti jó tán. Kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìpàdé wọ̀nyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fún Kétu ní Sátidé kan, tí Sátidé kò bá sì rọ ọlọ́jà lọ́rùn, ẹ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀yin alága ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkòsí-Ìṣerí àti Àgbóyi-Kétu, ẹ jẹ́ ká rí gbọ̀ngán lò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa tí a wà níhìn-ín yóò wá àga, a ó dá owó epo jẹnẹrétọ̀, a ó sì kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá.