Àgbò tá a fi gbèsè rà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú ṣì ń tì mí díẹ̀. Nígbà tí Iléyá ọdún 2023 ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ yá N120,000 lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, mo fi ra àgbò. Ìwo ẹ̀ ká rìbìtì. Gbogbo àdúgbò wa l'Agége ló wá wò ó, bàbá àwọn ọmọ mi sì ń yan fanda káàkiri.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ẹran ti tán. Gbèsè ò tán ní tiẹ̀. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi ń yọ ọ́ lára owó oṣù mi. Nígbà tí iléèwé wọlé lóṣù kẹsàn-án, owó ò tó, ni wọ́n bá dá ọmọ mi ọkùnrin padà sílé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré. Ó bọ́ báàgì ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé torí àgbò yẹn ni?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú bírò àti bébà nígbà tí Iléyá 2024 ń bọ̀. Àgbò tí kò ju ajá lọ, wọ́n ní N180,000 ni. Tòmátì wá di góòlù, torí kòkòrò ti ba oko ẹ̀ jẹ́ lókè Ọya. Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pé a ò ní pa àgbò, N45,000 la máa fi ṣọdún, adìẹ la sì máa jẹ.

Ó fò dìde. "Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, o wá fẹ́ gbé adìẹ síwájú wọn lọ́jọ́ Iléyá? Kí làwọn ará àdúgbò máa sọ?"

Mo ní, "Ẹ má bínú. Ṣé àwọn ará àdúgbò ló máa san owó iléèwé?" Ó dákẹ́, àmọ́ inú ẹ̀ ò dùn.

Bí mo ṣe pín owó náà nìyí: ìrẹsì ọ̀fadà kóńgò mẹ́rin, N12,000, adìẹ méjì, N16,000, ṣàkì àti pọ̀nmọ́, N7,000, ata, àlùbọ́sà, epo, irú àti ewé, N10,000. Ọ̀fadà ni mo mú torí ọbẹ̀ ẹ̀ ò nílò tòmátì rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, èmi àtàwọn ọmọ jókòó, a ṣa òkúta inú ìrẹsì. Láàárọ̀, mo bọ̀ ọ́, mo da omi àkọ́kọ́ nù, kí n tó tún un sè. Mo da epo sínú ìkòkò gbígbẹ, mo dé e pa lórí iná kékeré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì jẹ́ kó tutù kí n tó ṣí i, kí èéfín má baà lé wa jáde. Tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, mi ò jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, mo sì sè é títí omi ẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí irú bọ́ sínú epo, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé.

Wọ́n ti Yídì dé. Mo gbé oúnjẹ síwájú ìyá ọkọ mi, àyà mi ń já. Kí màmá tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ọmọ aládùúgbò kan kan ilẹ̀kùn, ó gbé abọ́ ẹran àgbò dání. Kò pẹ́, òmíì tún dé. Bàbá àwọn ọmọ mi ń wolẹ̀.

Màmá wò wá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, nígbà tí wọ́n ní ká pín ẹran Iléyá sọ́nà mẹ́ta, ká fún ará ilé, ká fún ìbátan àti aládùúgbò, ká fún aláìní, ta lẹ rò pé wọ́n ń bá wí? Ọdún mẹ́fà lèmi àti bàbá ọkọ ẹ fi jẹ ẹran aládùúgbò ká tó pa tiwa. Ẹni tó bá lágbára ẹ̀ ni wọ́n ní kó pa á."

Bàbá àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo fọ abọ́ àwọn èèyàn náà, mo bu ọ̀fadà sí i, mo fi rán ọmọ padà, torí a kì í dá abọ́ ọdún padà lófìfo. Èèyàn mẹ́wàá la jẹun nílé wa lọ́jọ́ náà, oúnjẹ tún ṣẹ́ kù.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ọmọ mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sanwó iléèwé. Bébà tí mo fi pín owó ọdún náà ṣì wà nínú páálí tí mò ń kó ìwé sí. Gbogbo ìgbà tí ọdún bá ti ń bọ̀, mo máa ń yọ ọ́ jáde wò kí n tó gba ọjà lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ mú bírò o.