Switch, Àdìrẹ àti Ọmọ Art

Ọmọ SS2 Art ni mí. Àwọn kan ní kíláàsì Science ti bi mí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ pé kí ni ọmọ Art fẹ́ fi kóòdù ṣe. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, èsì mi rèé.

Mò ń kọ géèmù kan lórí GameMaker, èyí tí Mark Overmars, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1999. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú níbí ni mo fi géèmù náà sí. Oníbàárà á dé ìsọ̀, á sọ irú àdìrẹ tó fẹ́, wọ́n á sì ṣe é fún un. Switch ló ń bá mi ṣètò rẹ̀:

switch (adire) {
case "oniko": di_iko(); break;
case "eleko": ya_eko(); break;
case "alabere": ran_abere(); break;
default: bi_iya_alaro();
}
re_sinu_aro();

(Kí Tíṣà Yorùbá má bínú o, GameMaker ò gba àmì ohùn nínú orúkọ àṣẹ.)

Ohun kan ṣoṣo ni switch máa ń wò: irú àdìrẹ tí oníbàárà bèèrè. Á wá máa fi í wé case kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ oníko, á fi ìko di aṣọ. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára rẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ àti òwú ni.

Break ló ń sọ pé, "Ó tó, jáde." Ká ní kò sí break lábẹ́ oníko, kọ̀ǹpútà ò ní dúró. Tó bá di aṣọ tán, á tún lọ ya ẹ̀kọ sí i, kò sì ní bèèrè mọ́ bóyá ẹlẹ́kọ ni wọ́n fẹ́. Kì í ṣe gbogbo èdè géèmù ló rí báyìí o. Match inú Godot máa ń jáde fúnra rẹ̀, Lua ò tiẹ̀ ní switch rárá.

Default wà fún ẹni tí ohun tó fẹ́ ò sí nínú case kankan, bí ẹni tó fẹ́ àdìrẹ tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe. Láìsí default, aṣọ funfun rẹ̀ á kàn bọ́ sínú aró láìní iṣẹ́ kankan lára.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí bí èèyàn ṣe máa kọ case mẹ́ta yẹn tí kò bá mọ ìyàtọ̀ oníko sí ẹlẹ́kọ. Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe nínú ìwé Physics.

Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà wa, ọmọ Science nìkan ló ń gbà. Ṣùgbọ́n switch fúnra rẹ̀ gbà kí case méjì jọ gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé. Kọ case "Science": sókè, kọ case "Art": sábẹ́ rẹ̀ láìfi break sáàárín, àṣẹ kan náà làwọn méjèèjì máa jẹ́. Ẹ fi case "Commercial": náà kún un, torí a nílò ẹni tó máa ṣírò owó ọjà.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ break yẹn kúrò. Ìkòkò aró kan náà ṣáà ni gbogbo aṣọ ń bọ́ sí.