Ohun Tí Mo Lọ Rí Ní Lọ́ńdọ̀nù



Àwa tí a ń gbé Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì kì í béèrè bí bàálù ti rí. Pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìkẹjà kò jìnnà sí wa, ó súnmọ́ Máfolúkù pẹ́kípẹ́kí, tọ̀sán tòru ni bàálù sì ń kọjá lórí òrùlé wa. Bí a bá ń pàtẹ lọ́jà, a ó gbójú sókè, a ó ní, “Àwọn kan ti ń lọ jayé o!” Èmi náà wà lára àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀, títí Ọlọ́hun fi mú èmi pàápàá wọ inú rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ti lo ọdún mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lọ kàwé, ó kàwé parí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Nígbàkúùgbà tí mo bá pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ owó ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: páànù ilé ń jò, owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ ti tó san, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ. Ó ń fi owó ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bí mo ti ń fẹ́. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jà Òṣòdì pé ọmọ náà ti di ahun. Nígbà tí ó wá fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ pé kí n wá kí òun, mo tún sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, “O ò rí i? Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀!”

Oṣù Júùnù ni mo lọ. Láyé àwọn bàbá wa, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ ní Àpápá lọ sí Liverpool, wọn a sì lò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun. Tiwa kò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ. Láti Heathrow a wọ reluwé abẹ́ ilẹ̀, èyí tí ó ti ń rìn ní ìlú náà láti 1863, kí ìlú mìíràn láyé tó ní irú rẹ̀. A tún wọ bọ́ọ̀sì títí a fi dé Peckham. Nígbà tí mo rí iṣu, ata rodo àti ẹja gbígbẹ lórí àtẹ ní ojú ọ̀nà Rye Lane, tí mo sì gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi Yorùbá nájà, mo ní, “Ṣé kì í ṣe Òṣòdì ni a padà sí?”

Ilé ọmọ mi ni mo rò pé a ń lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni mo bá. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ó ní kí n sùn, òun tẹ́ aṣọ sílẹ̀.

Nígbà tí aago méje lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣe alùwàlá, mo tẹ́ ẹní ìrun mi, mo fẹ́ kí Màgáríbì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màámi, ẹ wo ojú fèrèsé.” Òòrùn ṣì wà lókè bí ẹni pé ọ̀sán ni. Ní oṣù Júùnù, ó ń kọjá aago mẹ́sàn-án kí òòrùn ibẹ̀ tó wọ̀; Ìṣáì a máa súnmọ́ aago mọ́kànlá, Àsùbáà a sì dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Bí ọmọ mi bá ti kí Àsùbáà, kò tún padà sùn. Ní aago mẹ́rin ó ti wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Bí ó bá dé ní àárọ̀, a sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà a tún jáde lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn títí di alẹ́. Mo ń wò ó, n kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni àyè rẹ̀ ṣí, ọjọ́ náà ni ó sì mú mi rìn ká ìlú. A kọ́kọ́ lọ sí Tower Bridge, afárá tí àárín rẹ̀ ń là sí méjì tí ó ń gbéra sókè bí ọkọ̀ ojú omi gíga bá ń bọ̀. 30 Júùnù 1894 ni wọ́n ṣí i. Inú mi dùn, nítorí ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó fi ṣáájú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ti Èkó, tí wọ́n ṣí ní 4 Júláì ọdún kan náà, tí Abdullah Quilliam, òyìnbó Mùsùlùmí ará Liverpool, wá ṣojú Súlútánì Tọ́kì níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ a dé ẹnu géètì Downing Street. Òpópónà yìí ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí à ń pè ní Privy Council ti ń jókòó títí di 2009. Ìgbìmọ̀ náà ni Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tọ̀ lọ. Ìjọba ti gba ilẹ̀ náà ní 1913. Ní 1920, olóyè náà àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921 wọ́n dá a láre pé kí ìjọba san owó ilẹ̀ bí ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ onílẹ̀, ìjọba sì san 22,500 pọ́n-ùn. Mo sọ fún ọmọ mi pé, “Olóyè yìí kò wá wòran. Ẹrù ilé ni ó gbé wá.” Ó mi orí, kò fèsì.

A kí Áílà ní mọ́ṣáláṣí ńlá Regent's Park, tí òrùlé roboto rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Lẹ́yìn ìrun a jókòó sínú ọgbà, ó ṣí abọ́ ìrẹsì tí ó sè láti ilé, nítorí oúnjẹ ìta wọ́n. Mo bi í pé, “Níbo ni ìwọ máa ń jókòó sí bí o bá wá síbí?”

Ó ní, “Màámi, n kò wá síbí rí. N kò dé ibi afárá yẹn náà rí. Òní ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.”

Ọdún mẹ́rin! Ó wá ṣírò rẹ̀ fún mi. Ààbọ̀ owó oṣù rẹ̀ ni owó yàrá ń gbé lọ. Ti ọkọ̀ àti oúnjẹ a tẹ̀ lé e. Èyí tí ó bá kù ni ó ń wá sí Ìsọlọ̀. Owó ọkọ̀ tí mo fi wá, ọdún méjì ni ó fi kó o jọ díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, “Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ó ní mo ń purọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí i.”

Ìrẹsì náà kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ojú tì mí níwájú ọmọ tí mo bí. Mo fà á mọ́ra, mo ṣàdúrà fún un, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mo ti sọ, ọmọ ara mi ni mo sì sọ ọ́ sí.

Nígbà tí mo padà dé, kí n tó tú ẹrù, mo lọ sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Òṣòdì. Mo ní, “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọmọ mi níjọ́sí, mo kó o jẹ.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè é, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, “Ṣé o ti jẹun? Ṣé o sùn?”

Ẹ̀yin tí ẹ ó lọ, ẹ mú súẹ́tà dání, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò móoru bíi tiwa. Ẹ gba ìwé àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí tí ó bá súnmọ́ yín. Èyí tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Old Kent Road kò jìnnà sí Peckham. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí bàálù ń kọjá lórí yín, ẹ rántí pé ọmọ ẹnìkan ni ó wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ayé ni gbogbo wọn ń lọ jẹ. Kí Ọlọ́hun máa bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní òkèèrè. Àmín.